Ẹyin Tí Kò Ní Pa: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kápá Ẹyẹ Gúùsì àti Kòkòrò Adágún ní Ẹ́sítéètì Amẹ́ríkà

Ní ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì ní Maryland, New Jersey àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá náà ti ń kọ́lé tí wọ́n sì ń ra ilé, adágún kan sábà máa ń wà láàárín àdúgbò, tí wọ́n gbẹ́ láti gba àgbàrá òjò dúró. Koríko tí wọ́n ń gé mọ́lẹ̀ ló yí i ká. Irú ibẹ̀ gan-an ni gúùsì Kánádà, ẹyẹ ọlọ́rùn dúdú tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ dáadáa, ń wá kiri: koríko kúkúrú ni oúnjẹ rẹ̀, omi ni ibi ìsádi rẹ̀, gbangba sì ń jẹ́ kí ó tètè rí ẹranko tó bá fẹ́ pa á. Ìgbẹ́ wọn lójú ọ̀nà àti bí àwọn akọ wọn ṣe máa ń lé ènìyàn kò gba àlàyé.

Ohun tó gba àlàyé ni ọ̀rọ̀ tí kì í tán nínú ìpàdé àwọn onílé, pé kí wọ́n lé àwọn ẹyẹ náà padà sí Kánádà. Wọn kò ti Kánádà wá. Àwọn ọdẹ àtijọ́ máa ń so gúùsì láàyè mọ́ etí omi láti fi tan àwọn tó ń fò kọjá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de àṣà náà ní 1935, ọ̀pọ̀ irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ sìn wọ́n, wọ́n sì pín wọn káàkiri, pàápàá irú tó tóbi jù lọ, tí wọ́n ti gbà pé ó ti run kí wọ́n tó tún rí i ní Rochester, Minnesota, ní 1962. Lẹ́yìn òbí ni ọmọ gúùsì ti ń kọ́ ọ̀nà ìrìn àjò, èyí tí òbí rẹ̀ kò bá sì rìn kì í sábà mọ ibi tí yóò lọ. Ọmọ ibẹ̀ ni ẹyẹ etí adágún, abo inú wọn a sì máa padà wá yé ẹyin sí àyíká tí ó ti kọ́ fífò.

Síbẹ̀, òfin ààbò ẹyẹ aṣíkiri ti 1918 kan wọn, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń ṣí kiri tàbí wọn kò ṣí. Ẹni tó bá pa wọ́n tàbí tó ba ẹyin wọn jẹ́ láìgbàṣẹ ti rú òfin. Láti 2006 ni U.S. Fish and Wildlife Service, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko ìgbẹ́, ti la ọ̀nà kan: onílé tàbí ẹgbẹ́ onílé lè forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ìtẹ́ àti ẹyin láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, kí wọ́n sì ròyìn iye tí wọ́n ṣe. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tún ń béèrè ìwé àṣẹ tiwọn.

Ìdí ìtẹ́ ni ọgbọ́n ètò náà wà. Abo gúùsì a máa yé nǹkan bí ẹyin márùn-ún, kì í sì í sàba títí yóò fi yé tán, èyí tó ń jẹ́ kí gbogbo wọn pa pọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 28. Ènìyàn méjì ló sábà máa ń lọ síbẹ̀. Ọ̀kan á ṣí agbòòrùn ńlá, á sì fi ṣe asà níwájú akọ tó ti na ọrùn síwájú, tó ń fi apá lu ilẹ̀. Èkejì á fọwọ́ kan àwọn ẹyin. Bí wọ́n bá tutù, ó ṣeé ṣe kí abo má tíì yé tán, wọn yóò tún padà wá. Bí wọ́n bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á kì wọ́n bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin tuntun á rì, á sì sùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ inú ẹyin ti ń dàgbà, omi inú rẹ̀ ń gba ara èèpo jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń rọ́pò rẹ̀, títí ẹyin yóò fi léfòó. Èyí tó bá ti léfòó ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lábẹ́ ìyá rẹ̀. Àwọn tó ń fi àánú ṣe iṣẹ́ náà á dá a padà bó ṣe wà. Èyí tó rì ni wọn yóò nù gbẹ, tí wọn yóò fi òróró àgbàdo pa lára yíká, òróró kan náà tí wọ́n fi ń dín nǹkan nílé ìdáná, kí wọ́n tó dá a padà sínú ìtẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tí ojú lásán kò rí ló wà lára èèpo ẹyin, ibẹ̀ sì ni ọmọ inú rẹ̀ ti ń mí. Òróró dí wọn, ẹyin náà kò sì ní pa mọ́.

Ẹni tó bá béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kúkú kó ẹyin náà dà nù, kí ó wo ìyá kan tó jókòó ti igbá ọsàn lọ́jà, tí ọsàn náà ti bàjẹ́ nínú láìhàn lára èèpo. Níwọ̀n ìgbà tí igbá ṣì kún, kò ní dìde lọ sóko lọ ra òmíràn. Bí olè bá kó ọsàn náà lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ìyá yóò ti wà lójú ọ̀nà oko, nítorí pé owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà ọsàn kò sì tíì kọjá. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi odidi oṣù kan ṣọ́ ọjà tí kò ṣe é tà, nígbà tí yóò bá fura, ọsàn ti tán lóko, àwọn oníbàárà ti yà sídìí àgbàdo, àfi kí ó palẹ̀ mọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Gúùsì tí wọ́n kó ẹyin rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìyé ṣì ní okun láti yé òmíràn síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Èyí tó sàba lé ẹyin olóróró ti pàdánù ìgbà ìyé rẹ̀.

Àǹfààní mìíràn tún tẹ̀lé e. Ní nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkeje, ìyẹ́ apá gúùsì a máa jábọ́ kí tuntun tó hù, kò sì ní lè fò fún bí oṣù kan. Èyí tó ní ọmọ kò ní kúrò létí adágún ní gbogbo àsìkò náà. Èyí tí kò ní lè fò lọ síbòmíràn ṣáájú. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń lọ jábọ́ ìyẹ́ ní àríwá Kánádà, èyí tó túmọ̀ sí pé òróró lè ṣe ohun tí ìlékiri àwọn onílé kò lè ṣe. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò dín àwọn àgbà ẹyẹ kù, gúùsì sì lè lò ju ogún ọdún lọ láyé, nítorí náà ọdọọdún ni wọn yóò máa ṣe é.

Adágún kan náà ló ń tú kòkòrò jáde. Ìgbẹ́ gúùsì àti ajílẹ̀ tí òjò ń wọ́ kúrò lára koríko ń bọ́ ewédò, ewédò tó kú sì ń di oúnjẹ fún ìdin pupa kan tó ń gbé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Ìdin yìí ló ń di kòkòrò tó jọ ẹ̀fọn, tí kì í jẹni, ṣùgbọ́n tó ń bo ògiri àti iná ìta ní ìrọ̀lẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n máa fín oògùn sí àwọn tó ti ń fò. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń lò láyé, àwọn mìíràn á sì ti jáde ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Bíi ti ẹyin, kí wọ́n tó fò ni iṣẹ́ wà. Bakitéríà kan tí wọ́n rí ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì ní 1976, tí wọ́n ń pè ní Bti, ni wọ́n ń dà sómi. Bí ìdin tàbí tanwíjí bá gbé e mì, májèlé inú rẹ̀ á yọ́ nínú ìfun wọn, á sì dá ihò sí i. Ẹja àti ènìyàn kò ní irú ìfun tó ń yọ́ májèlé náà bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀fọn gan-an, kì í sábà jẹ́ àárín adágún tí ẹja wà ló ti ń wá, bí kò ṣe inú ọ̀pá omi òjò tó dí lára òrùlé àti inú táyà àtijọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó kan ìyọnu méjèèjì ni kí wọ́n jẹ́ kí koríko etí adágún ga dé ìbàdí yíká. Gúùsì kì í fẹ́ gba inú ibi tí kò ti rí iwájú kọjá, gbòǹgbò koríko náà sì ń gba ajílẹ̀ kí ó tó dé inú omi. Ilẹ̀ ni kí wọ́n gbìn ín sí, nítorí bí ó bá kún inú omi, ẹja kò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ tanwíjí. Owó tí èyí ń ná wọn kéré sí ti ajá tí ń lé ẹyẹ, ṣùgbọ́n ojú ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń wò ó, kò sì ṣọ̀wọ́n kí ẹgbẹ́ onílé tó ń sanwó ajá náà ní òfin tó ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí koríko iwájú ilé rẹ̀ bá ga.