Payload: iye ẹrù tí jíìpù yín lè gbé kó tó wọ igbó

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Àbúrò mi kan tó wà l'Abuja pè mí láìpẹ́ yìí, Ọlọ́run ti bá a ṣe é, ó fẹ́ ra jíìpù tuntun, èyí tó tóbi, four-wheel gidi, ó ní òun fẹ́ máa kó ìyàwó àtàwọn ọmọ wálé tí iléèwé bá ti gba ìsinmi, kí wọ́n wá mọ ilẹ̀ bàbá wọn, kí wọ́n ti Kàbà lọ sí Ìjùmú, kí wọ́n gun àpáta l'Ògìdì, kí wọ́n wọ Bùnú lọ kí wọ́n pa tẹ́ǹtì síbẹ̀ sùn, kí wọ́n tún gba ìhà Yàgbà jáde. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, torí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sígboro ò mọ̀ ju títì ọ̀dà lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan fún mi, họ́sìpáwà ẹ̀ jẹ́ báyìí, skírìnì inú ẹ̀ tóbi tó báyìí, ó lè wọ omi tó jìn tó báyìí. Mo ní payload ẹ̀ ńkọ́? Ó ní ẹ̀gbọ́n, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe di pé a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko nìyẹn, ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ síbí kó lè wúlò fún ẹlòmíì.

Gbogbo mọ́tò ló ní ìwọ̀n tara ẹ̀. Tí epo bá kún inú ẹ̀, tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, tí búùtù ṣófo, iye tó bá wọ̀n nígbà yẹn ni wọ́n ń pè ní kerb weight. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà á wá fi ààlà sí i, wọ́n á ní tí gbogbo ẹ̀ bá pa pọ̀, mọ́tò, èèyàn, ẹrù, kò gbọdọ̀ ju iye báyìí lọ, ìyẹn ni GVM. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, èyí tó kù ni payload. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ ni pé wọ́n rò pé ẹrù ni báàgì tó wà ní búùtù nìkan, wọn ò mọ̀ pé àwọn fúnra wọn ẹrù ni, ọmọ tó jókòó sẹ́yìn ẹrù ni, omi mímu ẹrù ni, irin tí wọ́n lọ so mọ́ iwájú mọ́tò kó lè rí bíi ti ológun, ẹrù ni.

Àwa tí Ọbajana, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì, wà nítòsí wa, àpò sìmẹ́ǹtì la fi ń mọ ìwọ̀n, àpò kan kílò 50, ẹni tó bá ti gbé e rí kò ní gbàgbé bó ṣe wúwo tó. Torí náà ẹ jẹ́ n fi ṣe é. Ẹ mú Toyota Land Cruiser 300, èyí tó jáde ní 2021, torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn wa ń fọkàn sí. Ní Ọsirélíà, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń fi jíìpù la aṣálẹ̀ kọjá fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta níbi tí ilé epo ò wọ́pọ̀, GVM ẹ̀ jẹ́ 3,280 kílò. Èyí tó kéré lówó jù nínú ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní GX, payload ẹ̀ jẹ́ kílò 785. Kò pé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rìndínlógún. Ẹ wá gbé e lọ sókè, sí Sahara, èyí tó wọ́n jù ú lọ gan-an, tó ní àga aláwọ, òrùlé tó ń ṣí, ìjókòó ìlà kẹta lẹ́yìn, payload tiẹ̀ já sí kílò 650. Àpò mẹ́tàlá péré.

Ẹ tún un kà o. Ẹ́ńjìnnì kan náà, ìdúró kan náà, GVM kan náà, èyí tí ẹ san owó tó pọ̀ jù fún ló ń gbé ẹrù tó kéré jù, àpò méjì lé ní ààbọ̀ ti lọ sínú ìgbádùn. Kò sí awo níbẹ̀, gbogbo nǹkan tí wọ́n fi kún inú mọ́tò ló ní ìwọ̀n, inú ibi tí ẹrù yín ì bá wà ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin tí à ń rí lójú ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́jà lójoojúmọ́, tí owó ẹ̀ ò sún mọ́ ti Land Cruiser rárá, payload ẹ̀ sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan. Mi ò sọ pé Hilux dára ju Land Cruiser lọ o, ìjókòó Land Cruiser sàn jù, ó rọ̀ jù, ó sì lágbára láti fa nǹkan, ṣùgbọ́n ká dẹ́kun kí a máa rò pé ohun tó bá wọ́n ló lè gbé ẹrù jù. (Àwọn tó ń wọ Nàìjíríà sábà máa ń jẹ́ ti pẹtiróòlù, nígbà tó jẹ́ pé ti díísù ni àwọn ti Ọsirélíà tí mo ka iye wọn yìí, nítorí náà ẹ má fi iye tọ̀hún ra tibí, ẹ wo iye tó wà lára mọ́tò tí wọ́n fẹ́ tà fún yín gan-an.)

Mo mọ ohun tí mo ń sọ torí ojú mi rí i. Ìnáwó òkú kan la lọ ní Bùnú, jíìpù ńlá kan tó dára la gbé, àwa méje la wà nínú ẹ̀, ìrẹsì àpò méjì, jẹnẹrétọ̀, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, kúlà tí omi kún, àga oníke lórí òrùlé. Lórí ọ̀dà ẹnikẹ́ni ò mọ nǹkan kan, ó ń sáré bí ẹṣin. Ìgbà tí a já sójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tí òjò ti gbẹ́ kòtò sí láàárín, ikùn mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀, a rò pé kò tíì burú, àfi gbàà, ó jókòó lé òkúta, páìpù kan já lábẹ́, epo ń kán. A sọ̀ kalẹ̀, a kó gbogbo ẹrù sílẹ̀ nínú oòrùn, àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló wá bá wa tì í, Ọlọ́run á san án fún wọn. Mo wá jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣírò ẹ̀. Èèyàn méje, ẹ fi kílò 75 sí ẹnì kan, 525 nìyẹn. Ìrẹsì 100. Ó ti di 625, a ò tíì ka jẹnẹrétọ̀, a ò tíì ka kẹ́ẹ̀gì kankan. Mọ́tò náà ò ṣẹ̀ wá, àwa la ṣẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ikùn jíìpù ga sókè tó báyìí, ti Land Cruiser 300 jẹ́ mìlímítà 235, kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mọ́tò ṣófo ni wọ́n wọ̀n ọ́n! Tí ẹ bá ti di ẹrù sí i, síprìngì á sọ̀ kalẹ̀, ìdí á lọ sílẹ̀ ju iwájú lọ, gíga tí ẹ sanwó ẹ̀ ti dín kù kí ẹ tó kúrò nílé. Tí ẹ bá ń gòkè níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdí ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbálẹ̀. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, bírékì tó yẹ kó dá tọ́ọ̀nù mẹ́ta lé díẹ̀ dúró ti wá ń bá èyí tó lé ní mẹ́ta àti ààbọ̀ jìjàkadì, á gbóná, ẹsẹ̀ yín á sì máa wọlé. Táyà náà ńkọ́, nọ́ńbà kékeré kan wà lára ẹ̀ lẹ́yìn ìwọ̀n táyà, bíi 265/65R18 tí wọ́n kọ 114 tẹ̀ lé, 114 yẹn túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru kílò 1,180, kò lè jù bẹ́ẹ̀. Nínú yanrìn tàbí pọ́tọ̀pọ́tọ̀ ó yẹ kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ táyà dín kí ó lè fẹ̀ kó di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n tí ẹrù bá ti pọ̀ jù, ẹ ò lè jò ó tó bó ṣe yẹ, torí ara táyà á ṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Mo bá àbúrò mi ṣírò tiẹ̀ lórí fóònù, iye ti Ọsirélíà yẹn la fi ṣe é kó lè yé e. Ó fẹ́ fi irin síwájú pẹ̀lú wíǹṣì tó ń fa mọ́tò jáde, mo ní ká pè é ní kílò 100. Káríà orí òrùlé 40. Táyà ìpààrọ̀ kejì 35. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, GX oníkílò 785 ti di 610. Òun, ìyàwó ẹ̀, ọmọ mẹ́ta tó ti dàgbà, 375, ó ku 235. Omi lítà 40, kílò 40 nìyẹn torí lítà omi kan kílò kan ni. Pẹtiróòlù kẹ́ẹ̀gì méjì oní lítà 25, epo fúyẹ́ ju omi lọ, bíi kílò 37 (inú mọ́tò kọ́ ni wọ́n ń gbé e sí o, ẹ jọ̀ọ́, òórùn ẹ̀ nìkan lè pa ọmọ). Ó ku 158. Tẹ́ǹtì, fíríìjì kékeré, oúnjẹ, irinṣẹ́, aṣọ, mo ní kó jẹ́ 80, ó ku 78, kò ju ìwọ̀n èèyàn kan péré lọ. Mo ní kó wá fi Sahara tó ń wù ú ṣe ìṣirò kan náà. Ó dákẹ́. Ó ti fi kílò 57 kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì kúrò l'Abuja, kò sì tíì ra iṣu kankan lójú ọ̀nà.

Ìbéèrè tó wá bi mí ni èyí tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè, ṣé mẹkáníìkì ò lè fi síprìngì tó le sí i ni? Ó lè ṣe é. Ìdí mọ́tò á gbéra, á rí bíi pé kò sí ẹrù níbẹ̀, ojú ni wọ́n sì fi ń tan ara wọn jẹ, torí bírékì ò yí padà, ásùlù ò yí padà, irin ìdúró ò yí padà, nọ́ọ̀tì táyà ò yí padà. L'Ọsirélíà wọ́n máa ń ṣe é lábẹ́ òfin, wọ́n á pààrọ̀ àwọn nǹkan tó yẹ, ẹ́njìníà á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á wá kọ GVM tuntun sí i lára. Síprìngì tí wọ́n rà lọ́jà tí wọ́n kì bọ ìdí mọ́tò yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Tí ẹ bá sì fẹ́ fa tírélà kékeré, ibi tó ti so kọ́ mọ́tò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tírélà ṣe é, inú payload náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Tírélà tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ tí wọ́n ń pariwo pé Land Cruiser lè fà, kílò 350 ló gbà nínú 650 yẹn.

Orí òrùlé tún ní ààlà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì kéré gan-an sí payload, ẹ wò ó nínú ìwé mọ́tò. Òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹrù tó wà lókè ló ń mú kí mọ́tò yí dànù níbi tí ilẹ̀ ti dagun, ẹnikẹ́ni tó bá ti rí obìnrin tó ru igi lọ gba orí òkúta kọjá mọ bí ọrùn ṣe máa ń mì.

Ẹ ní níbo ni ẹ ti máa rí nọ́ńbà yìí? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́, ìwé kan tàbí irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀. Lára mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé òun ló pọ̀ nínú àwọn tòkúnbọ̀ wa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àpapọ̀ èèyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju kílò báyìí lọ, ẹ ò tiẹ̀ nílò kí ẹ yọ nǹkan kan kúrò nínú nǹkan kan. Tí ẹ bá ń ka ìwé láti Yúróòpù, ẹ ṣọ́ra, wọ́n máa ń ka dírẹ́bà oníkílò 75 mọ́ ìwọ̀n mọ́tò níbẹ̀, àwọn ará Ọsirélíà kì í kà á, ìdí nìyẹn tí mọ́tò kan náà fi lè ní iye méjì.

Low range àti diff lock náà ṣe pàtàkì, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Low range ni ọ̀wọ́ jíà kejì, tó wà lọ́tọ̀ sí ti ojoojúmọ́, tó ń jẹ́ kí mọ́tò rìn bí ìjàpá ṣùgbọ́n pẹ̀lú agbára, jíìpù tí kò bá ní in kì í ṣe ti orí àpáta. Diff lock ni kì í jẹ́ kí táyà tó wà lófuurufú máa yí lásán nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ dúró. Àwọn méjèèjì á yọ yín nínú kòtò, wọn ò lè gbé ikùn mọ́tò kúrò lórí òkúta.

Àbúrò mi ti ní òun á ra èyí tó kéré lówó jù, òun á fi owó tó kù ra táyà tó dáa. Mo sọ fún un pé tó bá ti di ẹrù tán, kí gbogbo wọn wọlé tán, kó wá ibi tí wọ́n ti ń wọn tírélà, kó bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n wọn iwájú nìkan, kí wọ́n wọn gbogbo ẹ̀, kó yọ iwájú kúrò kó mọ ti ẹ̀yìn, kó wá fi wé ohun tó wà lára ilẹ̀kùn, torí iwájú ní ààlà tiẹ̀, ẹ̀yìn ní tiẹ̀. Tó bá kọjá, kó bẹ̀rẹ̀ látorí òrùlé, ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀.