Bí Omi Ẹja Ṣe Ń Bọ́ Ẹ̀fọ́: Aquaponics Tí Èèyàn Lè Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tò

Ẹja tó ń jẹun ní láti yàgbẹ́, kì í sì í ṣe ìgbẹ́ nìkan ló ń tú sínú omi. Ibi tó fi ń mí ni èròjà kan tó ń jẹ́ ammonia ti ń jáde lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ammonia bá pọ̀ nínú tánkì, ẹja á kú. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sin ẹja fi máa ń da omi nù, tí wọ́n á rọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀, inú omi tí wọ́n ń dà nù yẹn gan-an ni oúnjẹ ẹ̀fọ́ wà. Aquaponics kì í jẹ́ kó ṣòfò: ẹ̀rọ á fa omi láti ọ̀dọ̀ ẹja lọ sídìí ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ á mu èyí tó fẹ́ nínú rẹ̀, omi á sì tún ṣàn padà sọ́dọ̀ ẹja. Kò sí erùpẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ajílẹ̀ tí à ń rà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹja àti ẹ̀fọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló wà láàárín wọn, iṣẹ́ tiwọn ló sì le jù. Irú kan tó ń jẹ́ Nitrosomonas ń sọ ammonia di nitrite. Májèlé ṣì ni nitrite fún ẹja, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé ọ́síjìn bó ṣe yẹ. Irú mìíràn, bíi Nitrospira, ló ń wá sọ nitrite di nitrate. Ara ẹja gba nitrate dáadáa àfi tó bá pọ̀ gan-an, òun sì ni ẹ̀fọ́ fi ń ru ewé. Ara nǹkan ni àwọn kòkòrò yìí máa ń lẹ̀ mọ́: òkúta, inú páìpù, gbòǹgbò. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́, wọn kò fẹ́ oòrùn.

Wọ́n á fúnra wọn wá, ṣùgbọ́n wọn kì í yá. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tó bá tutù. Ammonia ló máa kọ́kọ́ ga, yóò wálẹ̀, nitrite yóò gòkè, òun náà yóò wálẹ̀, nitrate yóò wá fara hàn. Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ ẹja ń kú, torí pé ẹni tó ni ín kò ní sùúrù, ó ti kó ẹja kún tánkì lọ́jọ́ kìíní. Ó sàn kí ẹja díẹ̀ wà níbẹ̀ kí oúnjẹ wọn sì kéré, tàbí kí a má tiẹ̀ tíì kó ẹja sí i rárá, kí a máa kán ammonia tí kò ní ọṣẹ tàbí òórùn dídùn nínú sómi díẹ̀díẹ̀. Èèyàn lè fowó pa mọ́ nídìí gbogbo nǹkan yòókù, àmọ́ kò yẹ kó fi pa mọ́ nídìí ohun tí a fi ń yẹ omi wò.

Dúrọ́ọ̀mù oníke tó ń gba lítà 200 tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Tánkì oníke tó ń gba lítà 1,000 náà dára: a lè gé apá òkè rẹ̀ ṣe àpótí ẹ̀fọ́, kí ìsàlẹ̀ di ilé ẹja. Ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ kẹ́míkà, ká má lò ó. Páìpù bàbà àti irin tí wọ́n fi síǹkì bò ń pa ẹja. Kí a bo tánkì kí oòrùn má ràn wọ inú omi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ewédò á gba ibẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ tí ó tó mílímítà 8 sí 20 la máa dà sínú àpótí, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ká kọ́kọ́ da ọtí kíkan, ìyẹn fínígà, sórí díẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá hó, òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀, yóò sì máa gbé pH omi (òǹkà tó ń kéré sí i bí omi bá ṣe ń kan sí i) ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí omi ṣe ń kún àpótí, tó sì ń gbẹ, ni apá tó dùn jù nínú iṣẹ́ yìí. Páìpù kan dúró ṣánṣán nínú àpótí, orí rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ojú òkúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì la ìdí àpótí kọjá lọ sókè tánkì ẹja. Páìpù tó fẹ̀ jù ú lọ la fi bò ó: orí eléyìí dí pa, ṣùgbọ́n ihò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Páìpù kẹta tó ní ihò kéékèèké yí wọn ká kí òkúta má bàa dí wọn. Bí omi bá kún dé orí páìpù inú, á bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú rẹ̀, á sì máa gbé afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ ìdérí lọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yẹn bá tán, omi á máa fa omi, gbogbo rẹ̀ á sì sá wálẹ̀ títí yóò fi dé ihò ẹsẹ̀ páìpù. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á ti ráyè wọlé, fífà náà á já, àpótí á tún máa kún. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ń wọ àárín òkúta, tí gbòǹgbò àti àwọn kòkòrò sì ń rí èémí. Bí omi tó ń wọlé bá kéré jù, ńṣe ni yóò máa ṣẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láì fà. Bó bá pọ̀ jù, fífà náà kò ní dáwọ́ dúró. Títún ẹnu omi ṣe ló ń yanjú méjèèjì. Kí ẹ̀rọ lè gbé omi tó kún tánkì yípo lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan.

Oúnjẹ ẹja la fi ń mọ iye ẹ̀fọ́ tí a lè gbìn. Ìwọ̀n tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, là sílẹ̀ fún ètò kékeré ni gíráàmù 40 sí 50 lóòjọ́ fún ẹ̀fọ́ eléwé tó gba ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó. Tòmátò àti ata ń fẹ́ 50 sí 80. Ẹja tó ti dàgbà díẹ̀ ń jẹ nǹkan bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́. Nítorí náà, ẹja tí gbogbo rẹ̀ wọn kílò 2.5 sí 5 ló máa jẹ gíráàmù 50. Tìlápíà àti àrọ̀ dára níbi tó móoru.

Iṣẹ́ àwọn kòkòrò yẹn ń mú omi kan díẹ̀díẹ̀. Kí pH wà láàárín 6 sí 7. Bó bá lọ sísàlẹ̀ 6, ọwọ́ wọn á rọ, ammonia á sì tún máa pọ̀. Bí ewé tuntun bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí iṣan rẹ̀ sì dúdú bí ewé, èròjà irin (iron) ni kò tó, torí oúnjẹ ẹja kì í ní in tó.

Bí iná bá lọ, ẹja ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi yẹ kó wà nítòsí. Oògùn kòkòrò kò gbọ́dọ̀ kan ewé, torí inú omi ẹja ló ń já sí. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì, kó wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ kan sí méjì ká tó lò ó. Chloramine, ìyẹn kílórínì tí wọ́n pò mọ́ ammonia, kì í lọ bẹ́ẹ̀, asẹ́ tó ń lo èédú ló ń mú un kúrò. Bí ẹ̀fọ́ bá sì gbó, ká máa kórè rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ká máa fi ọ̀gbìn kékeré rọ́pò. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò ní sí ohun tó ń mu nitrate, ẹja kò sì ní dákẹ́ oúnjẹ jíjẹ.