Fáìlì oṣù 12, orí kọ́lọ́mù ò bára mu: bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n di ẹyọ kan

Ká ní àwọn kan wà tó ń ra kòkó, ọ́fíìsì wọn wà ní Àkúrẹ́, wọ́n ní èèyàn tó ń bá wọn rà á ní Ìdànrè, ní Ilé-Olújì àti ní Oǹdó. Ìparí oṣù bá ti dé, akọ̀wé á to gbogbo ohun tí wọ́n rà sínú Excel, á jù ú sórí WhatsApp, ó tán. Nígbà tọ́dún bá fi máa parí, fáìlì 12 ti wà nílẹ̀. Ọ̀gá wá jókòó, ó ní kí wọ́n sọ fún òun, kílò mélòó làwọn rà látoṣù kìíní dé ìkejìlá, ta ló sì kó kòkó wá jù. Ìbéèrè yẹn ò le lẹ́nu rárá. Ìgbà tí wọ́n ṣí fáìlì ni wọ́n rí i pé Jánúárì kọ “Kílò”, Fẹ́búárì kọ “kilo”, Máàṣì kọ “Ìwọ̀n”, Épírì kọ “Kg”, nígbà tó di Júùnù tí kọ́pà tuntun gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di “WEIGHT KG”, ó tún gbé kọ́lọ́mù orúkọ kúrò níwájú lọ sẹ́yìn torí bó ṣe wù ú nìyẹn. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn o, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Ọmọ kan lè jẹ́ Àyìnlá lẹ́nu ìyá àgbà, kó jẹ́ Sunday ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó tún máa jẹ́ nǹkan mìíì nínú rẹ́jísítà ilé ìwé, kò sí ará ilé tó máa ṣì í mú torí wọ́n mọ ojú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ ojú ẹnì kankan. Lẹ́tà ló ń kà, lẹ́tà kan bá sì ti yàtọ̀, ẹlòmíì nìyẹn lójú tiẹ̀. Kódà “Kilo” tó fi K ńlá bẹ̀rẹ̀ àti “kilo” tó fi k kékeré bẹ̀rẹ̀, méjì ni wọ́n nínú Power Query (irinṣẹ́ inú Excel tó ń kó fáìlì pọ̀) àti nínú Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà). Àlàfo tí ẹnì kan ṣèèṣì tẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rọ̀, tí ojú ò lè rí rárá, ìyẹn náà ti tó láti sọ ọ́ di kọ́lọ́mù tuntun.

Àwa Yorùbá tún wá ní wàhálà tiwa tó yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń fi òyìnbó kọ ọ́. Wo “Ìwọ̀n” yẹn. Lẹ́tà ọ, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ẹ̀: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ti ní àmì nísàlẹ̀, ó sì lè jẹ́ o lásán tí wọ́n wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún un lọ́tọ̀. Fóònù kan lè kọ ọ́ báyìí, kí kíbọ́ọ̀dù orí láptọ́ọ̀pù kọ ọ́ báyẹn, téèyàn bá tẹ méjèèjì síra wọn, wọ́n á jọra bí ìbejì, kọ̀ǹpútà á sì ní wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó ń fi Python ṣe é lè fi unicodedata.normalize pẹ̀lú NFC kó wọn sójú kan. Ẹni tó ń lo Excel, ohun tó rọrùn jù ni kó má fi àmì sórí kọ́lọ́mù rárá, kó kọ “iwon” kó máa lọ, àmì tó dáa wà fún ohun téèyàn ń kà, orí kọ́lọ́mù kọ́.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà tó wà ò ju méjì lọ, yálà kí wọ́n fi ipò tò ó, tàbí kí wọ́n fi orúkọ tò ó. Kọ́pì àti péèsì, ipò nìyẹn. VSTACK, fọ́múlà tó ń to tábìlì kan sábẹ́ òmíì, yálà ti Excel ni o tàbí ti Google Sheets, ipò nìyẹn náà: kọ́lọ́mù kejì bọ́ sábẹ́ kọ́lọ́mù kejì, kò béèrè orúkọ ẹ̀. Bí kọ́pà wa ṣe gbé orúkọ lọ sẹ́yìn ní Júùnù yẹn, tí wọ́n bá lo VSTACK, kílò á bọ́ sábẹ́ orúkọ èèyàn, orúkọ èèyàn á bọ́ sábẹ́ owó. Ìyẹn ṣì dáa díẹ̀, torí ojú á tètè rí i. Èyí tó burú ni kí kílò àti owó pààrọ̀ ipò, nọ́ńbà ni méjèèjì, ìṣirò á lọ geerege, èsì á jáde, irọ́ á sì pọ̀ nínú ẹ̀.

Ti orúkọ ni Power Query àti pandas (irinṣẹ́ tábìlì tí wọ́n ń lò nínú Python) ń lò. Ìyẹn dáa jù, àmọ́ ó ní ọ̀fìn tiẹ̀. Power Query ti wà nínú Excel fúnra ẹ̀ láti ti 2016, àwọn tó ń lo 2010 tàbí 2013 ló ní láti lọ dáúnlóòdù ẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n á kó gbogbo fáìlì sí fódà kan, wọ́n á lọ sí Data, Get Data, From File, From Folder, wọ́n á tẹ Combine & Transform Data, á wá dà bíi pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Fáìlì kan ló máa mú ṣe àwòṣe, ti àkọ́kọ́ nínú fódà ló sì máa ń mú bí wọn ò bá yan òmíì fún un (tí wọ́n bá fi òyìnbó sọ fáìlì lórúkọ, April ló sábà máa ń ṣíwájú níbẹ̀, January kọ́, torí á-bí-dí ló fi ń tò wọ́n). Orúkọ kọ́lọ́mù tó bá wà nínú àwòṣe yẹn ló máa wá nínú àwọn tó kù. Oṣù tí kò bá ní i, á fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kọ́lọ́mù tí oṣù yẹn ní tí kò sí nínú àwòṣe, á jù ú nù, kò ní kígbe, kò ní kìlọ̀. Torí náà Jánúárì á wà níbẹ̀, ìlà ẹ̀ á pé, orúkọ gbogbo àwọn tó kó kòkó wá á pé, “Kílò” tiẹ̀ ni kò ní sí ńbẹ̀, torí “Kg” ni April ní. Ọ̀gá á rí àpapọ̀ tó kéré, á máa bínú sí àwọn ará Ìdànrè tí ò ṣe nǹkan kan.

Pandas sàn díẹ̀ níbí yìí, pd.concat kì í ju nǹkan nù, gbogbo kọ́lọ́mù ló máa kó kalẹ̀, èyí tí oṣù kan ò bá ní á gba NaN, ìyẹn àmì pé kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Nítorí náà “Kílò”, “kilo”, “Ìwọ̀n”, “Kg” àti “WEIGHT KG” á tò síbẹ̀ bíi kọ́lọ́mù márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ní ihò. Ó rí jákujàku lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré tán, èèyàn rí i.

Ohun tó ń tán ọ̀rọ̀ yìí ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n kọ̀ǹpútà. Tábìlì kékeré kan ni, kọ́lọ́mù méjì: apá òsì, gbogbo orúkọ tí àwọn èèyàn ti kọ rí, apá ọ̀tún, orúkọ kan ṣoṣo tó yẹ kó jẹ́. “kg” di “kilo”, “weight kg” di “kilo”, “kílò” di “kilo”, “ìwọ̀n” di “kilo”, “iwon” di “kilo”, “oruko agbe” di “agbe”, “farmer” di “agbe”. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kòkó ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó mọ Excel, torí òun ló mọ̀ pé ohun tí wọ́n pè ní “iye” ní oṣù kan, owó ni wọ́n ń sọ, ní oṣù míì iye àpò ni.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó rèé. Nínú Power Query, wọ́n á wọ inú Transform Sample File, ibi tí wọ́n ti ń tún fáìlì àwòṣe yẹn ṣe, torí ohun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ ló máa ṣe fún fáìlì kọ̀ọ̀kan kó tó so wọ́n pọ̀, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn tó ti so wọ́n pọ̀ ni wọ́n ṣe é, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ohun tó jù nù ti lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ orúkọ, kí gbogbo lẹ́tà di kékeré, kí àlàfo iwájú àti ẹ̀yìn kúrò, Table.TransformColumnNames wà fún ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá yí wọn padà:

Table.RenameColumns(Fifo, Table.ToRows(Atoka), MissingField.Ignore)

Fifo ni tábìlì tí wọ́n ti fọ orúkọ ẹ̀, Atoka ni tábìlì kékeré yẹn. MissingField.Ignore ò ṣe é yọ kúrò o, torí kò sí fáìlì kan tó ní gbogbo orúkọ apá òsì, láìsí i, fáìlì àkọ́kọ́ ló máa ti dá iṣẹ́ dúró. Tí oṣù kan bá wá ní “kg” àti “iwon” pa pọ̀ ńkọ́? Á kọ̀, torí kọ́lọ́mù méjì ò lè jẹ́ “kilo” nínú tábìlì kan. Ó dáa bó ṣe kọ̀ yẹn, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè ni.

Ṣùgbọ́n o, tábìlì yẹn ò lè gbani lọ́wọ́ èyí tórúkọ ẹ̀ bára mu tí ìtumọ̀ ẹ̀ ò bára mu. Oṣù kan, “kilo” ni gbogbo ohun tó wà lórí ìwọ̀n, kòkó tòun tàpò ẹ̀ àti omi tó ṣì wà lára ẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti yọ àpò àti omi kúrò kí wọ́n tó kọ ọ́. Ibòmíì tún wà tó jẹ́ iye àpò ló wà nínú kọ́lọ́mù “kilo”. Àpò 16 ni wọ́n sábà máa ń kà sí tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn kílò 62.5 lápò kan, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí 16 bá wà níbi tó yẹ kí 1,000 wà. Kò sí sọfitíwíà tó máa mú un. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà tó sì mọ̀ pé kò sí àgbẹ̀ tó máa gbé kílò 16 wá láti Ilé-Olújì ló máa mú un.

Ìdọ̀tí kéékèèké ò ní gùn lẹ́nu. Àkọlé ńlá tí wọ́n kọ sókè kọ́lọ́mù, wọ́n á yọ ìlà yẹn kúrò kí wọ́n tó sọ ìlà tó tẹ̀ lé e di orí. Ìlà “Total” ìsàlẹ̀, ìyẹn léwu, tó bá wà nínú gbogbo fáìlì tí wọn ò yọ ọ́, àpapọ̀ ọdún á di ìlọ́po méjì gééré. Déètì náà wà níbẹ̀, 03/04 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin fún wa, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, tó bá wá dé 25/04, kò sí oṣù 25, ló bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ lásán.

Tí wọ́n bá so ó tán, kọ́lọ́mù Source.Name tí Power Query fi síbẹ̀ fúnra ẹ̀, kí wọ́n má yọ ọ́ o. Òun ni wọ́n máa fi ka iye ìlà oṣù kọ̀ọ̀kan àti àpapọ̀ kílò ẹ̀, kí wọ́n fi wé ohun tó wà nínú fáìlì àtìbẹ̀rẹ̀. Oṣù tí kò bá dọ́gba, inú ẹ̀ ni wọ́n á padà sí. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á ju fáìlì Jánúárì tuntun sínú fódà, wọ́n á tẹ Refresh All, tí kílò oṣù yẹn bá jáde lófìfo, ó túmọ̀ sí pé akọ̀wé míì ti dé, ìlà kan ni wọ́n á fi kún Atoka.