Gbígbọ́ èdè méjì kò sọ ènìyàn di ògbufọ̀ ilé ìwòsàn

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Amẹ́ríkà gbà pé bí màmá bá dé láti ilé tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó gbọ́ èdè méjèèjì ló yẹ kó bá a wọlé tọ dókítà. Àwọn ilé ìwòsàn kan náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wo iṣẹ́ ògbufọ̀ bí oore tí ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí lè ṣe. Ìgbàgbọ́ yìí léwu.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Dókítà ní kí màmá lo hóró oògùn kan láàárọ̀, kan lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó má sì dá a dúró kódà bí ara bá yá. Ọmọ yíjú sí i: “Mọ́mì, wọ́n ní kí ẹ máa lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.” Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti bọ́ sílẹ̀, ìkìlọ̀ náà sì ti bọ́. Bó bá jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ọjọ́ tí orí bá dẹ́kun fífọ́ ni màmá á pa á tì. Tàbí kí màmá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí ọmọ túmọ̀ rẹ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé itan ni ìrora wà. Ògbufọ̀ tó kọ́ṣẹ́ á sọ fún dókítà pé òun fẹ́ béèrè kí ọ̀rọ̀ lè yé òun, á sì ní kí màmá fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún.

Ohun tí ẹnu ọmọ kò lè gbà sọ tún wà. Màmá kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ojú ara tàbí oyún tó ti bàjẹ́ lójú ọmọ rẹ̀. Bí dókítà bá sì dárúkọ jẹjẹrẹ, ìfẹ́ ni yóò mú kí ọmọ sọ pé “egbò kékeré kan ni”, màmá á wá fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 wo àwọn tó ń sọ Spanish ní ẹ̀ka pàjáwìrì ọmọdé ní ilé ìwòsàn méjì ní Massachusetts. Nínú àṣìṣe tí àwọn ògbufọ̀ ojú ẹsẹ̀, ìyẹn ẹni tó kàn wà nítòsí tí wọ́n pè kó wá túmọ̀, ṣe, ìdá 22 nínú 100 ló lè ṣe aláìsàn ní jàǹbá. Ti àwọn tó ń fi ògbufọ̀ ṣe iṣẹ́ òòjọ́ jẹ́ 12. Àwọn tó ti gba ẹ̀kọ́ tó wákàtí 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn? 2 péré. Ẹ̀kọ́ ló mú ìyàtọ̀ wá.

Kí ni wọ́n ń kọ́? Kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, sẹ́yìn díẹ̀, kí dókítà àti aláìsàn lè máa wojú ara wọn. Kí wọ́n sọ “inú ń run mí” bí aláìsàn ṣe sọ ọ́, kì í ṣe “ó ní inú ń run òun”. Kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró kó tó gùn ju ohun tí wọ́n lè rántí. Kí wọ́n ka fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí Gẹ̀ẹ́sì jáde lédè Yorùbá, kí wọ́n má fi ìmọ̀ràn tiwọn kún un, kí wọ́n sì pa àṣírí mọ́.

Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 àti òfin ìlera ti 2010 ní kí ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ pèsè ògbufọ̀ tó kúnjú òṣùwọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ fi ọmọdé ṣe é àfi ní pàjáwìrì tí ògbufọ̀ kò bá sí nítòsí. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò ní dandan ni kí ògbufọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, ibẹ̀ sì ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to wà. Àjọ méjì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, CCHI àti NBCMI, ló ń fún àwọn ògbufọ̀ ilé ìwòsàn ní ìwé ẹ̀rí ní Amẹ́ríkà. Ó kéré tán, ènìyàn ní láti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 40 kó tó jókòó fún ìdánwò. Àwọn méjèèjì kò ní ìdánwò àfẹnuṣe lédè Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń dán ògbufọ̀ Yorùbá wò, èyí kò tó, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ wa gbogbo máa béèrè ìdánwò yìí lọ́wọ́ àjọ méjèèjì.

Ní báyìí ná, nígbà tí ẹ bá ń gba àkókò lọ́dọ̀ dókítà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé Yorùbá ni màmá ń sọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ìwé ẹ̀rí àti iye wákàtí ẹ̀kọ́ tí ògbufọ̀ náà gbà. Bí wọ́n bá kọ̀ láti pèsè ògbufọ̀, ẹ fi ẹjọ́ sun Office for Civil Rights, ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aráàlú ní ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, láàárín ọjọ́ 180 sí ìgbà tó ṣẹlẹ̀.