Káúńtì Marsabit

Káúńtì Marsabit wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, lẹ́bàá ààlà Ethiopia. Ó jẹ́ ọ̀kan lára káúńtì 47 tí òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2010 là kalẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 70,000 kìlómítà níbùú lóròó. Káúńtì Turkana tó wà lódìkejì Adágún Turkana nìkan ló lè bá a du ipò káúńtì tó fẹ̀ jù ní Kẹ́ńyà. Àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: 459,785 ni ètò ìkànìyàn ọdún 2019 kà. Bí a bá pín wọn ká ilẹ̀ náà, ènìyàn méje kò lè kan kìlómítà kan níbùú lóròó. Wajir wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, Isiolo ní gúúsù, Samburu ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, Adágún Turkana sì ni ààlà rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn. Ìlú Marsabit ni olú ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà Moyale tó wà lójú ààlà Ethiopia kì í ṣe kékeré.

Ilẹ̀ àti omi

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ tí òkúta dúdú òkè ayọnáyèéfín bò ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú káúńtì náà. Ìgbà òjò méjì ló wà lọ́dún, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún àti láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òjò yóò rọ̀. Láti ìparí ọdún 2020 títí wọ ọdún 2023, ìgbà òjò márùn-ún ló tẹ̀ léra wọn tí òjò kò rọ̀ tó, ẹran ọ̀sìn sì kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Aṣálẹ̀ Chalbi wà láàárín káúńtì náà. Adágún ni ibẹ̀ nígbà láéláé. Nígbà tí omi gbẹ tán, iyọ̀ ló kù lójú ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ gidi, omi a tún bò ó, ọkọ̀ ò sì ní rí ibẹ̀ gbà. Àwọn ìlú kéékèèké bíi North Horr, Kalacha àti Maikona tẹ̀dó sí agbègbè yìí nítorí ìsun omi.

Òkè Marsabit yàtọ̀ pátápátá sí ilẹ̀ tó yí i ká. Ó ga tó 1,707 mítà, ìkùukùu máa ń bà lé e, igbó sì ṣú bò ó lórí. Inú kòtò ńlá tí iná òkè náà gbẹ́ sílẹ̀ ni adágún tí wọ́n ń pè ní Lake Paradise wà. Igbó yìí ni erin olókìkí nì, Ahmed, gbé. Eyín rẹ̀ gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, àwọn ọdẹ sì ń wá a kiri. Ní ọdún 1970, Ààrẹ Jomo Kenyatta pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á, ó sì yan ẹ̀ṣọ́ tì í tọ̀sán tòru. Ikú ara rẹ̀ ló kú ní 1974. Ère rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè náà ní Nairobi títí di òní. Òkè Kulal, tó wà nítòsí Adágún Turkana, tún ga ju Òkè Marsabit lọ: ó tó 2,285 mítà.

Odò Omo láti Ethiopia ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú omi Adágún Turkana wá. Adágún náà kò ní ọ̀nà àbájáde, nítorí náà omi rẹ̀ ní iyọ̀ nínú. Ní etí rẹ̀, ní Koobi Fora, ni àwọn awalẹ̀ ti rí agbárí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 1470 ní ọdún 1972, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ń tọpa ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ènìyàn. Àjọ UNESCO fi àwọn ọgbà ìtọ́jú ẹranko orí adágún náà sí àkójọ ibi tó wà nínú ewu ní 2018, nítorí ìdídò tí Ethiopia kọ́ sórí Omo.

Àwọn ènìyàn

Borana, Gabra àti Rendille ló pọ̀ jù, darandaran sì ni wọ́n. Àgbẹ̀ ni àwọn Burji, ọ̀pọ̀ wọn sì tún ń ṣòwò. Samburu, Turkana àti Dassanech náà wà níbẹ̀. Apẹja ni àwọn El Molo tó wà nítòsí Loiyangalani, wọ́n sì wà lára àwọn ẹ̀yà tó kéré jù ní Kẹ́ńyà.

Kànga àwọn Borana yẹ fún àlàyé díẹ̀. Kànga náà jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ẹnì kan kò lè tó omi rẹ̀. Àwọn ọkùnrin á tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹnì kan lókè ẹnì kejì, wọ́n á máa ju korobá omi sọ́wọ́ ara wọn, èyí tó ti ṣófo á sì máa sọ̀ kalẹ̀ padà. Orin ni wọ́n fi ń bára wọn dọ́gba. Lókè, wọ́n á da omi sínú ọpọ́n amọ̀ gígùn, agbo ẹran á sì wá mu ún ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Kànga kò ṣàìní ẹni tó ni ín: ìdílé tó gbẹ́ ẹ ló ń pín ọjọ́ fún ẹni tí yóò fún ẹran lómi.

Ìjọba

Lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, apá kan ẹkùn ààlà àríwá ni Marsabit, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1963, ó bọ́ sábẹ́ Eastern Province tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Embu, lọ́nà jíjìn ní gúúsù. Ìdìbò oṣù Kẹta ọdún 2013 ló gbé ìjọba káúńtì wọlé.

Agbára káúńtì ní Kẹ́ńyà ju ti ìjọba ìbílẹ̀ tí a mọ̀ ní Nàìjíríà lọ. Ó ní gómìnà àti ilé aṣòfin tirẹ̀. Òun ló ń bójú tó ilé ìwòsàn, omi, iṣẹ́ àgbẹ̀, ọ̀nà abẹ́lé àti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọlọ́pàá àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, tó ní kọmíṣọ́nà àti àwọn olóyè tirẹ̀ káàkiri káúńtì. Òfin ní kí àwọn káúńtì lápapọ̀ gbà, ó kéré tán, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀. Ìwọ̀n ilẹ̀ àti òṣì wà lára ohun tí wọ́n ń wò bí wọ́n bá ń pín in, èyí sì ṣe Marsabit láǹfààní.

Ẹkùn ìdìbò mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Moyale ní wọ́ọ̀dù 7, North Horr 5, Laisamis 5, Saku 3. Saku, tó yí olú ìlú ká, ló kéré jù nínú wọn. Ukur Yatani ló kọ́kọ́ jẹ gómìnà, láti 2013 sí 2017. Mohamud Mohamed Ali gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún un yàn ní 2022. Ẹ̀yà lágbára púpọ̀ nínú ìdìbò náà. Ní 2013, Rendille, Gabra àti Burji para pọ̀ sábẹ́ orúkọ REGABU, wọ́n sì borí Borana. Ní 2017, gómìnà tó jẹ́ Borana ló wọlé.

Ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ìjà

Ilẹ̀ àjọni ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Marsabit, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ẹkùn Laisamis, nítòsí adágún, òpó 365 ló wà tí afẹ́fẹ́ ń yí abẹ̀bẹ̀ wọn, tí gbogbo wọn lè pèsè iná mànàmáná mẹ́gáwáàtì 310. Ààrẹ Uhuru Kenyatta ló ṣí i ní 2019. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Meru dájọ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà gba ìwé ilẹ̀ tí àwọn òpó náà wà kò bá òfin mu, lẹ́yìn tí àwọn ará ibẹ̀ pẹjọ́.

Ìjà lórí koríko, omi àti òṣèlú ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Keje ọdún 2005, àwọn agbébọn ya wọ abúlé Turbi, wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, àwọn ọmọ iléèwé sì wà lára wọn. Ọkọ̀ òfurufú tó gbé àwọn aṣòfin lọ bá wọn parí ìjà já lulẹ̀ ní Marsabit ní oṣù Kẹrin ọdún 2006. Ènìyàn 14 ló kú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé lóru káàkiri ibẹ̀.

Ọ̀nà

Títì Isiolo sí Moyale, tó tó nǹkan bí 500 kìlómítà, gba àárín káúńtì náà kọjá. Kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i parí, ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlẹ́rù ni ọ̀pọ̀ èrò máa ń jókòó sí, ọkọ̀ á tò tẹ̀ léra wọn pẹ̀lú ọlọ́pàá nítorí àwọn dánàdánà. Ní ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ lásán àti òkúta ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Èyí tó ti Laisamis lọ sí ọ̀dọ̀ adágún, tó ju 200 kìlómítà lọ, iṣẹ́ iná afẹ́fẹ́ ló mú kí wọ́n tún un ṣe, kí ọkọ̀ tó gbé àwọn òpó náà lè kọjá.