Kànga Ọ̀run Àpáàdì

Kànga Ọ̀run Àpáàdì ni orúkọ tí a mọ ìtàn èké kan sí, èyí tó sọ pé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ gbẹ́ ihò kan ní Siberia títí wọ́n fi kan ọ̀run àpáàdì, tí wọ́n sì gbọ́ igbe àwọn tó ń joró níbẹ̀. Ìtàn náà gbòde ní 1989, ó sì ṣì ń tàn ká lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ihò jíjìn kan wà lóòótọ́ tó jọ pé wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ní Siberia.

Ìtàn náà

Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ kan, tí Azzacov jẹ́ ọ̀gá wọn, gbẹ́lẹ̀ dé kìlómítà 14.4, ni irin ìgbẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé ń yí kíkankíkan bí ẹni pé ó já sínú òfìfo. Wọ́n ní ìgbóná ibẹ̀ lé ní 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti pé igbe ọ̀pọ̀ èèyàn ni makirofóònù tí wọ́n sọ̀ sísàlẹ̀ gbé wá sókè.

Ìwé ìròyìn Kristẹni kan ní Finland, Ammennusastia, wà lára àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TBN ní Amẹ́ríkà sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Olùkọ́ kan láti Norway, tó gbọ́ ọ níbẹ̀, mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ tirẹ̀ kún un, pé ẹ̀dá abìyẹ́ kan tó jọ àdán fò jáde nínú ihò náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni yóò ṣèwádìí kí ó tó gbà á gbọ́.

Ihò Kola

Ihò gidi náà, tí wọ́n ń pè ní Kola, wà ní agbègbè Murmansk ní àríwá Rọ́ṣíà, kò jìnnà sí ààlà Norway. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1970 ni ìjọba Soviet bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ, síbẹ̀ ó wọlẹ̀ dé mítà 12,262 ní 1989, ọdún kan náà tí ìtàn èké náà gbòde. Iṣẹ́ náà kò rọrùn rárá: ní 1984, páìpù tó gùn tó kìlómítà 5 já sínú ihò, wọ́n sì ní láti tún un gbẹ́ láti nǹkan bí mítà 7,000.

Ìgbóná ló dá iṣẹ́ náà dúró. Nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n retí nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n 180 ni wọ́n bá. Òkúta ibẹ̀ rọ̀, ihò sì ń pa dé bí wọ́n bá ti fa irin jáde. Ní 1992 wọ́n ṣíwọ́. Kò sí òfìfo kankan níbẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ olómi ló kún inú ihò náà. Òun ló ń yí ẹnu irin nísàlẹ̀, tó sì ń kó èérún òkúta wá sókè. Bí ìgbóná bá sì lé ní 1,000 lóòótọ́, makirofóònù tó ń lo òòfà kò ní ṣiṣẹ́, nítorí irin lásán pàápàá ń pàdánù agbára òòfà rẹ̀ ní 770.

Ohun tí wọ́n rí yẹ fún ìyàlẹ́nu ju ohun tí wọ́n pa nírọ́ lọ. Ẹrẹ̀ tó ń jáde kún fún gáàsì hydrogen débi pé ó ń hó bí ìkòkò orí iná. Ní nǹkan bí kìlómítà 6 sísàlẹ̀, wọ́n rí àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ti gbé inú omi rí, tí ara wọn ti di òkúta. Òkúta ìsàlẹ̀ pátápátá ti tó ọdún bílíọ̀nù 2.7. Ìdérí irin ni wọ́n fi dé ihò náà pa.

Ohùn igbe náà

Àwọn tó yẹ ohùn tí wọ́n ń pín kiri wò sọ pé inú fíìmù abanilẹ́rù kan tó jáde ní 1972 ni wọ́n ti gé e, tí wọ́n sì pa á dà díẹ̀.

Ìgbàgbọ́ tó ṣáájú

Èrò pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ibi ìjìyà wà ti pẹ́. Inú ọ̀gbun ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi Tartarus, ibi ìjìyà tiwọn, sí. Ní Iceland, lẹ́yìn tí òkè ayọnáyèéfín Hekla bú gbàù ní 1104, ẹnu ọ̀nà ọ̀run àpáàdì ni ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù ń pè é.