Ṣé Ẹ̀dà Ènìyàn Máa Ní Ẹ̀mí Tirẹ̀?

Látìgbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé wọ́n lè mú sẹ́ẹ̀lì kan lára ẹranko tó ti dàgbà, kí wọ́n sì fi bí òmíràn tó jọ ọ́, ìyẹn ohun tí à ń pè ní ṣíṣe ẹ̀dà, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́: bí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn, ṣé ẹni tí wọ́n bá bí yẹn máa ní ẹ̀mí? Àwọn kan ń bẹ̀rù pé òkú tó ń rìn ni yóò jẹ́. Àwọn mìíràn rò pé ẹ̀mí ẹni tí wọ́n ti yọ sẹ́ẹ̀lì ni yóò pín sí méjì. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀, torí ìbẹ̀rù méjèèjì yìí kì í jẹ́ kí ojú ó ríbi tí ọ̀ràn gan-an wà.

Ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Nínú oyún tí gbogbo ayé mọ̀, àtọ̀ bàbá ló ń pàdé ẹyin ìyá. Ìdajì DNA ọmọ, ìyẹn ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ ara, wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ ohun tí kò sí rí. Nínú ṣíṣe ẹ̀dà, kò sí ìpàdé kankan. Ẹyin abo kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbé kalẹ̀. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó ní ihò lẹ́nu, á fa ẹyin náà mọ́ra láti ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà yí. Abẹ́rẹ́ gíláàsì mìíràn, tó tún tẹ́ẹ́rẹ́ jùyẹn lọ, á gún èèpo rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì rọra fa kóró inú rẹ̀ jáde, níbi tí DNA ẹni tó ni ẹyin wà. Ẹyin náà kò kú, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó yẹ kó dà mọ́. Wọ́n á wá mú sẹ́ẹ̀lì láti ara ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kódà sẹ́ẹ̀lì awọ ara lè ṣe é, wọ́n á tì í wọ abẹ́ èèpo ẹyin yẹn, wọ́n á sì ta iná mànàmáná díẹ̀ sí méjèèjì. Iná yẹn ló ń so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, òun náà ló sì ń ta ẹyin jí. Bó bá jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í pín: ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Bí wọ́n bá gbé e sínú ilé ọmọ, tó sì dúró, oyún ni.

Ibi tó yani lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tí omi inú ẹyin ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì awọ ní gbogbo ìtọ́ni tó lè kọ́ odindi ara, àmọ́ ó ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dé, kìkì èyí tó kan awọ ló ṣí sílẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí gbogbo ohun tó ti pa dé náà padà. Títí dòní, a kò tíì mọ gbogbo bó ṣe ń ṣe é.

Ẹnu la fi ń sọ ọ́ tó fi dà bíi pé ó rọrùn. Ní 1962, John Gurdon yọ kóró sẹ́ẹ̀lì láti inú ìfun ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ó fi sínú ẹyin, ó sì rí ọ̀pọ̀lọ́ gidi níbẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó lè fi sẹ́ẹ̀lì ẹranko afọ́mọlọ́mú tó ti dàgbà ṣe é. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1996, wọ́n bí àgùntàn kan ní Roslin Institute, nítòsí Edinburgh ní Scotland, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dolly. Sẹ́ẹ̀lì ọmú àgùntàn ọlọ́dún mẹ́fà ni wọ́n lò. Ìyá tó gbé oyún rẹ̀ jẹ́ irú àgùntàn Scotland tí ojú wọn máa ń dúdú. Ojú Dolly funfun báláú, bíi ti àgùntàn tí wọ́n ti yọ sẹ́ẹ̀lì. Kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan, ojú ọmọ náà ti jẹ́rìí pé kì í ṣe ti ẹni tó bí i.

Ẹyin 277 ni Ian Wilmut, Keith Campbell àti ẹgbẹ́ wọn fi sẹ́ẹ̀lì sí kí wọ́n tó rí Dolly. 29 péré nínú wọn ló di ọlẹ̀ tó ṣeé gbé sínú ìyá. Ọ̀kan ṣoṣo ló wáyé. Iye yìí ṣe pàtàkì ju ìbéèrè ẹ̀mí lọ, a ó sì tún padà kàn án.

Irú ẹni wo wá ni ẹ̀dà ènìyàn máa jẹ́? Ìbejì ajọra ni, ìbejì tó pẹ́ kó tó dé. Láyé, ẹyin kan ṣoṣo tí àtọ̀ ti kàn lè là sí méjì fúnra rẹ̀, kó di ọmọ méjì tí DNA wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Kò sí ẹ̀sìn tó ń wo irú ìbejì bẹ́ẹ̀ kó sọ pé ẹ̀mí kan ni wọ́n jọ ń lò, tàbí pé ọ̀kan ló ní ẹ̀mí, èkejì ò ní. Bí DNA bá ni ẹ̀mí, wọn kì bá tí jẹ́ ènìyàn méjì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fẹ́ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń dẹ́ṣẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń kú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀dà tilẹ̀ tún máa yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀ ju bí ìbejì ṣe yàtọ̀ síra lọ. Inú ilé ọmọ mìíràn ló ti dàgbà, àwọn mìíràn ló tọ́ ọ, ayé ti yí padà kó tó dé. Àwọn jíìnì 37 tó wà nínú mitochondria, tó ń bá sẹ́ẹ̀lì ṣe agbára, ọ̀dọ̀ ẹni tó fún wọn ní ẹyin ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń wá. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Texas A&M rí i kedere ní 2001, nígbà tí wọ́n ṣe ẹ̀dà ológbò aláwọ̀ mẹ́ta kan. Ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n pè ní CC, kò ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ológbò tí wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀ ní rárá. Jíìnì kan náà ni, àwọ̀ ò bára mu.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló kàn. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, erùpẹ̀ ni Ọlọ́run fi mọ ènìyàn, ó wá mí èémí ìyè sí ihò imú rẹ̀, “ènìyàn sì di alààyè ọkàn.” Erùpẹ̀ lọ́tọ̀, èémí lọ́tọ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Kristẹni ti mú un pé ẹ̀mí kì í ti inú ara òbí wá, pé Ọlọ́run ló ń dá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀ látijọ́: Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ìgbà àtijọ́, gbà pé ọ̀dọ̀ òbí ni ọmọ ti ń gba ẹ̀mí bó ṣe ń gba ara, Augustine sì kú láìyan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìjọ Kátólíìkì ti yan tirẹ̀. Nígbà tí ìròyìn Dolly jáde ní 1997, ilé ẹ̀kọ́ tí Póòpù dá sílẹ̀ lórí ọ̀ràn ìwàláàyè kọ̀wé pé ẹ̀mí, tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń dá, kò ṣeé fi ìṣẹ̀dá inú yàrá ìwádìí mú jáde, kò sì ṣeé ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí a bá bí ẹ̀dà ènìyàn lónìí, Ọlọ́run ló fún un ní ẹ̀mí tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe fún gbogbo ọmọ. Thomas Aquinas, àgbà olùkọ́ Kátólíìkì láyé àtijọ́, náà kò ní rò ó pẹ́: lójú tirẹ̀, ẹ̀mí ló ń sọ ara di ara. Ara ènìyàn tó wà láàyè, tó ń ronú, tó ń sọ̀rọ̀, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìní ẹ̀mí ènìyàn. Ìyẹn nìkan ti tó láti pa ìtàn òkú tó ń rìn tì.

Àwọn Mùsùlùmí gba ọ̀nà mìíràn débẹ̀. Nínú Sura al-Isra, āyà 85, nígbà tí wọ́n bi Ànábì léèrè nípa ẹ̀mí, ìdáhùn tó wá ni pé ọ̀ràn Olúwa ni, ìmọ̀ díẹ̀ ni wọ́n sì fún ènìyàn. Hadíìsì tí Ibn Masʿūd, ọ̀kan lára àwọn sàhábà Ànábì, gbà wá sọ ìgbà tó ń dé: ogójì ọjọ́, ogójì mìíràn, ogójì mìíràn, lẹ́yìn náà ni málàíkà á wá fẹ́ ẹ̀mí sí ọlẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fìqhù, ìyẹn òfin Ìsìláàmù, ti mú ọjọ́ 120 nìyẹn. Kò sí nínú rẹ̀ pé ó dìgbà tí àtọ̀ bá pàdé ẹyin. Wọ́n sì ní àpẹẹrẹ tó le ju ti yàrá ìwádìí lọ: Ànábì Ísà kò ní bàbá, Ádámù kò ní bàbá bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìyá, Kùránì sì fi àwọn méjèèjì wé ara wọn ní Sura Āl Imrān, āyà 59. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ fìqhù lágbàáyé tó jókòó ní Jeddah ní 1997 sọ ọ́ gbangba pé ṣíṣe ẹ̀dà kì í ṣe dídá ẹ̀dá, nítorí ohun tí Ọlọ́run ti dá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lò. Síbẹ̀ wọ́n kà á léèwọ̀ fún ènìyàn.

Àwọn Júù ní ìtàn kan nínú Talmud, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àwọn rábì wọn, tó bá ọ̀ràn yìí mu gan-an. Rábì kan tó ń jẹ́ Rava mọ ènìyàn kan, ó rán an sí Rábì Zeira. Zeira bá a sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Zeira ní kó padà sí erùpẹ̀ rẹ̀. Àwọn rábì tó wá lẹ́yìn jiyàn lórí rẹ̀ fún ọ̀rúndún mélòó kan, ohun tí Zvi Ashkenazi sì tẹnu mọ́ ni pé ohun tí Rava mọ yẹn kò ti inú obìnrin jáde. Ẹ̀dà ènìyàn máa ti inú obìnrin jáde, á sì dáhùn bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀.

Bí ó bá wá rí báyìí, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn fẹnu kò pé ẹ̀mí rẹ̀ á pé, kí ló dé tí wọ́n tún fi ta ko ó? Nítorí ẹ̀mí rẹ̀ pé náà ni. Ohun tó wà nínú ewu kì í ṣe àwòrán ènìyàn, ènìyàn gidi ni.

Ẹ padà sí iye tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Shanghai kéde pé àwọn ti ṣe ẹ̀dà ọ̀bọ méjì, Zhong Zhong àti Hua Hua. Ọlẹ̀ 79 ni wọ́n gbé sínú abo 21. Mẹ́fà lóyún. Méjì ló là á já, ìyẹn pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì láti ara ọlẹ̀, nítorí àwọn méjì tí wọ́n rí bí láti inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ tó ti dàgbà kò pẹ́ kú. Bí a bá fi ènìyàn sí ipò yẹn, àwọn tó bọ́ lọ́nà kì í ṣe ohun èlò tó bàjẹ́. Ẹni tó gbà pé ẹ̀mí ń wọlé láti ọjọ́ kìíní máa kà wọ́n sí ọmọ tó kú. Ẹni tó gbà pé ọjọ́ 120 ni, oyún tó wálẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn á ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fún wọn ní ẹyin náà wà ńbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún fún wọn lójoojúmọ́ kí ẹyin púpọ̀ lè gbó lẹ́ẹ̀kan. Ní South Korea, Hwang Woo-suk sọ ní 2004 àti 2005 pé òun ti rí sẹ́ẹ̀lì gbà láti inú ọlẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀dà ènìyàn. Irọ́ ni, ẹyin obìnrin tó ju 2,000 lọ sì ti lọ sí i, tí díẹ̀ nínú wọn wá láti ara àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wo ló lè wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kó sọ pé rárá?

Ìdí kejì ni ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà wá ṣe láyé. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀dà ẹni tí kò mọ̀. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú ń wá ọmọ yẹn padà; ìyẹn ni pé kí ọmọ tuntun náà tó ké ìgbe àkọ́kọ́, wọ́n ti fi ayé ẹlòmíràn lé e léjìká. Kò ní rí òkú tó wá rọ́pò rí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ṣíwọ́ àtimáa gbọ́ pé òun ò ṣe é bí ẹni yẹn ṣe ń ṣe é. Ìjọ Kátólíìkì kò dúró de Dolly kó tó kọ̀ ọ́: ìwé Donum Vitae ti 1987 ti dárúkọ rẹ̀ mọ́ ohun tí kò tọ́, Dignitas Personae ti 2008 sì pè é ní oko ẹrú nínú ara, nítorí ẹnì kan ló yan gbogbo ara ẹlòmíràn fún un.

Lílo ọlẹ̀ ẹ̀dà fún ìwòsàn ni ẹnu kò tíì kò lé lórí. Ní 2013, Shoukhrat Mitalipov àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oregon rí sẹ́ẹ̀lì gbà láti inú ọlẹ̀ ẹ̀dà ènìyàn tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba ọjọ́ lọ. Kò sí èrò pé kí ẹnikẹ́ni bí i. Kátólíìkì ní pípa ọmọ ni; ọ̀pọ̀ rábì, tí Talmud wọn pe ọlẹ̀ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́ ní omi lásán, fàyè gbà á. Shinya Yamanaka ti fi ọ̀nà mìíràn hàn ní 2006, tí sẹ́ẹ̀lì awọ fi ń padà sí ìpìlẹ̀ láìsí ẹyin, láìsí ọlẹ̀, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn náà fi rọlẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2005, àpéjọ gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìkéde tó ta ko ṣíṣe ẹ̀dà ènìyàn: 84 gbà, 34 kọ̀, 37 ò dá sí i. Ìkéde náà kò ní agbára òfin. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Clonaid sọ ní 2002 pé wọ́n ti bí ọmọ ẹ̀dà kan, wọn kò mú ẹ̀rí kankan wá títí dòní.

Bí ọ̀kan bá wáyé lọ́jọ́ kan, ẹ̀sùn kò sí lọ́rùn ọmọ. Ìsíkíẹ́lì 18 ní ọmọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ baba, Sura al-An‘ām ní ẹlẹ́rù kankan kì í ru ẹrù ẹlòmíràn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2001, tí òfin mìíràn ti rọ́pò láti 2009, fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́wàá dúró de ẹni tó bá gbé irú ọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú obìnrin. Kò sọ ohun kankan nípa ẹni tí wọ́n bá bí. Ti ìyá kò ṣòro, nítorí Sura al-Mujādilah ní àwọn tó bí wọn nìkan ni ìyá wọn. Ti bàbá ni iṣẹ́ wà. Bí ọkọ bá mú sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ fi ṣe ọmọ, DNA á sọ pé ìbejì rẹ̀ ni, àti pé bàbá ọkọ yẹn gan-an ni bàbá ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún, àwọn alùkáálí á kọ́kọ́ pinnu bóyá ọmọ olóògbé ló jókòó síwájú wọn, tàbí àbúrò rẹ̀.